Ààrò Inú Ilé Ìgbẹ̀bí

Phurba àbúrò mi,

Ìyá kí ọ, Suntali ìyàwó rẹ kí ọ. Orúnkún Ìyá ti ń rọ̀ ọ́ díẹ̀, ẹfọ̀n tí à ń sìn sì ti bí abo.

Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé o rántí ilé ìgbẹ̀bí táwọn àlejò láti òkèèrè kọ́ fún wa, tí ewúrẹ́ ń sùn sí? Wọn ò ṣe ààrò síbẹ̀. Ta ló máa bímọ sílé tí kò níná nínú òtútù wa yìí? Ni àwa obìnrin bá ru òkúta, a mọ ààrò síbẹ̀. Látìgbà náà, gbogbo aboyún ló ń lọ bímọ síbẹ̀.

Àfi bí ọ̀gá àwọn àlejò náà ṣe dé lánàá, tó ń pariwo: "Ẹ ti ba ilé wa jẹ́! Lóṣù tó ń bọ̀, a máa wó ààrò yìí!"

Ìyá ní, "Ilé ta? Ikùn rẹ tóbi lóòótọ́, àbí ìwọ náà fẹ́ bímọ níbẹ̀ ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Alága abúlé nìkan ló ń wolẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ ni, jọ̀ọ́, tètè kọ̀wé sí i kó gbà wá.

Ilẹ̀ Kátà tí o ti ń ṣiṣẹ́ á tù ọ́ lára, wàá dé bá wa láyọ̀. Ṣùgbọ́n oyún Suntali ti wọ oṣù kẹjọ. Bí wọ́n bá wó ààrò yẹn, ilé ẹfọ̀n ló máa bímọ sí. Irú ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ bí i sí, ibẹ̀ náà ni ìyá náà kú sí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Phulmaya