Bátìrì Tí Vho-Azwinndini Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ Orúkọ Sí

Sí Vho-Tshinakaho Ramovha àti gbogbo ẹbí,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ìríra tí a kò lè fi pamọ́, ni àwa Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Òpó Ìbánisọ̀rọ̀ fi ń kọ ìwé yìí sí yín lórí ikú ọkọ yín, Vho-Azwinndini, tí ó fi wá sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni olóògbé fi bá wa ṣiṣẹ́. Lọ́dún tí omi gbé afárá lọ, tí ọkọ̀ kò lè gun òkè, ẹ̀yìn ni ó fi pọn bátìrì dé ìdí òpó fóònù, kí ilé ìwòsàn àdúgbò yín lè máa rí ìpè ṣe. Bátìrì yòówù tí ó bá gbé kalẹ̀, ó máa ń fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ sí i lára. A máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ó ń sàmì sí màlúù.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn olè gé ọgbà wáyà tó yí òpó náà ká, wọ́n sì kó bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun olóògbé. Ẹ sáré yí ilé ká pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kí aládùúgbò tó wakọ̀ dé títì ńlá láti pe áńbúláǹsì, ẹ̀mí ti bọ́.

Èyí tí ó burú jù ni ohun tí ẹ kọ sí wa lẹ́yìn àdúrà Ọjọ́rú nílé yín. Bátìrì ni wọ́n fi tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí àwọn ará ìjọ fi ń kọrin ìtùnú fún yín. Aṣọ tí wọ́n fi bò ó ṣí, ẹ sì rí ọ̀dà funfun.

“Ìkọ̀wé ọkọ mi nìyí,” ni ẹ wí.

Díákónì Nthambeleni tí ó yá yín ní bátìrì náà kò tilẹ̀ tijú: “Ẹ ṣe sùúrù, Ìyá Rofhiwa. Tẹlifíṣọ̀n ni mo rà á fún, torí iná tí wọ́n ń mú lọ. Ṣé èmi nìkan ni? Gbogbo àdúgbò ló rà.”

Ó tún ní kí ẹ jẹ́ kí a sin òkú ná, kí orúkọ ìjọ má bàa bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà rí wa lára. Àwọn tí wọ́n fowó ra ohun tí ẹ̀ bá fi pe dókítà ni wọ́n jókòó sórí àga yín, tí wọ́n ń mu tíì yín, tí wọ́n ń nu ojú. Ọwọ́ tiwa náà kò mọ́. Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé ilé àwọn èèyàn wa ni bátìrì tí wọ́n ń jí ń lọ, ṣùgbọ́n a dijú nítorí pé ará ilé ni wọ́n.

Ẹ bi wá bóyá kí ẹ dákẹ́ títí ìsìnkú ọjọ́ Àbámẹ́ta yóò fi kọjá. Ẹ má dákẹ́. Akọ̀wé wa ń bọ̀ lọ́la pẹ̀lú ọlọ́pàá. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ni yóò gbé pósí, ẹnikẹ́ni tí bátìrì òpó bá wà nílé rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Kí Ọlọ́run tí ó rí omijé yín tù yín nínú, kí ó di Rofhiwa àti àwọn àbúrò rẹ̀ mú. Ní ti àwọn tí wọ́n rà á, a ti jókòó títí, a kò tíì rí àdúrà tí a lè gbà fún wọn.

Livhuwani Mabidi,
Alága