Làsísì Tó Gbẹ́yìn Lórí Òkè Yìnyín

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Houston níbí. Ṣé orúnkún Màmá ti ń jẹ́ kí wọ́n forí kanlẹ̀ kírun? Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n Ràfíù àti ìyàwó wọn.

Ẹ ní ohùn mi yí padà lórí fóònù, ẹ bi mí bóyá wọ́n ti lé mi níbi iṣẹ́. Rárá o. Deer Park náà ni mo ṣì wà, níbi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì, òórùn rẹ̀ ń bá mi wọ apartment mi ní Gulfton lójoojúmọ́. Ohun tójú mi rí lórí òkè ni mi ò lè sọ lórí fóònù.

Àwa mẹ́fà nínú ẹgbẹ́ mọ́sálásí wa la wakọ̀ lọ sí Kolorádò láti gun òkè nígbà òtútù. Èmi ni wọ́n fi ṣe aṣíwájú, nítorí pé iṣẹ́ ààbò ni mò ń ṣe, mo sì lẹ́nu. Làsísì, ẹnjiníà kan tó ti gun irú òkè bẹ́ẹ̀ rí, kò ní òun fẹ́, kò ní òun kọ̀. Ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàbá, ẹ̀rín yẹn ò bá mi lára mu.

Láàárọ̀ tí a gbéra, yìnyín ti mu wá dé orúnkún. Òtútù tí mo máa ń ráhùn sí yín ní Houston, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Làsísì ní òun á gbẹ́yìn. Bí mo bá ti bojú wẹ̀yìn báyìí, n ó rí i tó dúró nídìí igi, tó kẹ́yìn sí wa, tó ń fọwọ́ ṣe nǹkan. Bó bá ti rí i pé mò ń wo òun, á ki ọwọ́ bọ àpò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo rí i. Nígbà tó yá, òun àti Àlàájì, tó dàgbà jù nínú wa, ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Àlàájì wá bá mi pé ṣé kò yẹ ká padà, pé ojú ọ̀run ń ṣú. Mo mọ ẹni tó fọ̀rọ̀ yẹn sí wọn lẹ́nu. Mo ní iwájú là ń lọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ìfura lòògùn àgbà. Èmi wá ń jẹ ẹ́ bí oúnjẹ.

Kò tó wákàtí kan, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í já wìtìwìtì. Ipasẹ̀ wa pa rẹ́. Àlàájì ń gbọ̀n, wọ́n ní àwọn ò mọ ẹsẹ̀ lára mọ́. Gbogbo wọn ń wojú mi. Mo nawọ́ sápá ọ̀tún, mo ní ọ̀nà nìyẹn. Irọ́ ni mo pa, mi ò mọ̀nà. Làsísì gbá apá mi mú, ó ní ọ̀gbun ló wà níbẹ̀, kí n tẹ̀ lé òun. Mo kọ̀. Mo ní ipò mi ló fẹ́ gbà. Ìgbà náà ló nawọ́ sí igi kan. Aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára ẹ̀ka rẹ̀. Ó ní òmíràn wà nísàlẹ̀, òmíràn sì tún wà lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tó ti ń so láti àárọ̀ nìyẹn. Igi dé igi la fi sọ̀ kalẹ̀, Àlàájì rọ̀ mọ́ èjìká mi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ẹsẹ̀ wọn yè.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ bá Làsísì nílé, mo dọ̀bálẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ mo jù ú lọ. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí mo rò sí i. Mo wá bi í pé kí ló dé tó fi ń fi aṣọ náà pa mọ́ fún mi. Ó ní òun náà ń fura sí mi ni, pé bí òun bá so ó lójú mi, n ó ní kí òun tú u.

Bàbá, mo rò ó títí mo fi délé. Ǹ bá ní kó tú u lóòótọ́.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà. Ẹ máa fàdúà rántí mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Gàníù