Ọ̀rọ̀ Ara Pátákó Káfíńtà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ nínú lẹ́tà. Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ wa pé ká kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ká tó sọ ohun tó gbé wa dé. Mo jókòó ti ìwé yìí fún ìgbà díẹ̀, mo wá fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kàn sọ ibi tí mo wà.

Ìwó ni mo wà báyìí. Lẹ́yìn tí a kúrò nínú ilé wa ní Oǹdó, Màmá padà sọ́dọ̀ ìyá wọn, wọ́n sì fi mí sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín fún ọdún kan. Nígbà tí kò rọrùn mọ́, wọ́n kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi nígbà èwe wọn, pé kí ó gbà mí kí n lè parí ìwé mẹ́wàá. Màmá Gbóyèga ni orúkọ ọ̀rẹ́ náà. Ilé kẹta tí mo ń gbé nìyí láti ìgbà tí ẹ ti lọ.

Mi ò tíì ní ọ̀rẹ́. Bí mo bá la ẹnu ní kíláàsì, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí ohùn Oǹdó tó wà lẹ́nu mi, nítorí náà mi ò fi bẹ́ẹ̀ là á mọ́. Mo kàn ń wo èèyàn. Mo mọ̀ pé ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta péré ni olùkọ́ ìṣirò wa ní, àti pé ó ń yí wọn po kí a má baà fura. Mo mọ̀ pé ọmọbìnrin tó ń jókòó níwájú mi máa ń sunkún ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Kò sí ẹni tó bi mí, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Káfíńtà ni Bàbá Gbóyèga, ọkọ wọn. Wọ́n ń kan bẹ́ẹ̀dì àti àga, ṣùgbọ́n pósí tí wọ́n ń kàn fún àwọn ìdílé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbé ilé náà ró. Ó yà mí lẹ́nu bí mo ṣe tètè sọ ọ́ di ohun tí ojú mi ń rí lójoojúmọ́. Mo ń gba ẹ̀gbẹ́ pósí kọjá lọ pọn omi.

Kí òjò tó dáwọ́ dúró lọ́dún yìí, ọkùnrin kan ṣí ṣọ́ọ̀bù pósí sí ọ̀nà Òṣogbo. Ó ní ọkọ̀ funfun onígíláàsì tí wọ́n fi ń gbé òkú, tó ń fọn fèrè lọ láàárín ìgboro, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ya sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ Bàbá Gbóyèga dilẹ̀. Nígbà náà ni Gbóyèga, ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì ní Ìbàdàn, wá sílé, tó ní kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa bí Kérésìmesì bá dé, kí wọ́n wá máa bá òun gbé. Ó ní yàrá kan ti wà ńlẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Yàrá kan ló sọ. Kò sí ẹni tó wo ojú mi, èmi náà kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ibi tí ilé kẹrin máa wà.

Màmá Gbóyèga ló dá ọ̀ràn pátákó sílẹ̀. Wọ́n ní olùkọ́ Yorùbá ti ka àròkọ mi sétígbọ̀ọ́ gbogbo kíláàsì, kí ọkọ wọn fi ọ̀rọ̀ lọ̀ mí.

Bàbá Gbóyèga yọjú sí mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́. “Akọ̀wé, ṣé o gbọ́? Bá mi wá ọ̀rọ̀ tó ń fa èèyàn. Èyí tó wà lára pátákó mi yẹn, ewúrẹ́ nìkan ló kù tó ń kà á.”

KÁFÍŃTÀ. PÓSÍ WÀ. Ohun tó wà lára pátákó náà nìyẹn.

Bàbá mi, inú mi dùn, orí mi sì wú. Fún ọjọ́ méjì ni mo fi etí ti rédíò tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó sílẹ̀, ti ọṣẹ, ti mílíìkì, ti bisikíìtì. Mo ṣa àwọn tó dùn jù nínú wọn. Mo fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà:

PÓSÍ WA KÒ LẸ́GBẸ́! Ẹ SÁRÉ WÁ LÓNÌÍ KÍ Ó TÓ TÁN! Ẹ MÚ Ọ̀RẸ́ YÍN DÁNÍ!

Ojú Bàbá Gbóyèga kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Wọ́n wò ó láti ọ̀ọ́kán, wọ́n ní ó kún, ó sì dára, wọ́n sì gbé e kọ́ síta nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn Ìyá Sàkíra ló jí wa. Wọ́n ń ta kẹrosíìnì ní òdìkejì títì, ẹnu wọn kì í sì í sinmi.

“Bàbá Gbóyèga! Ẹ jáde síta! Ta lẹ ní kó sáré wá? Kùtùkùtù òwúrọ̀ lẹ ń pe ọmọ ọlọ́mọ sínú pósí? Àwa Mùsùlùmí tí a kì í tilẹ̀ lò ó, ẹ tún ní ká mú ọ̀rẹ́ wa dání!”

Ọlọ́kadà kan dúró, ó kà á, ó sì fi ọwọ́ bo orí. “Bàbá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sáré wọ̀ ọ́ o. Bó bá bá yín mu, ẹ ránṣẹ́ pè wá!”

Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Gbóyèga wá gíláàsì ojú wọn, wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn náà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di òpó mú. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn, mi ò lè jáde.

Màmá Gbóyèga nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dojú pátákó náà kọ ògiri. Mo mọ ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Bàbá arúgbó kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ń ṣàìsàn, ọ̀nà iwájú ilé wa sì ni wọ́n ń gbé wọn gbà lọ sí ọsibítù. Wọ́n gbé wọn kọjá láàárọ̀ ọjọ́ tí pátákó mi wà níta. Wọ́n kú ní ọjọ́ Ẹtì, ìdílé wọn sì lọ sọ́dọ̀ ọlọ́kọ̀ onígíláàsì. Ìyàwó ọmọ wọn fa Màmá Gbóyèga sẹ́yìn lẹ́yìn ìsìn, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, “Màmá, a ò bínú o. Ṣùgbọ́n Bàbá ka pátákó yẹn.”

Mo dúró tì wọ́n. Mo gbọ́ ọ.

Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé a kì í pe èèyàn síbi pósí? Mo mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ ẹnu ni mo fi fẹ́ sọ ọ́, ẹnu mi ì bá kọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo di kálámù mú, ọ̀rọ̀ ni mo ń wò, mi ò wo ẹni tó máa kà á.

Fún ọ̀sẹ̀ kan, ilẹ̀ ni mo ń wò bí mo bá ń kí wọn. Ẹ̀yin ni mo wá ń rántí, lẹ́yìn káńtà yín ní pósọ́fíìsì, nígbà tí mo máa ń wá dúró dè yín lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Àwọn èèyàn á wá tẹ wáyà, wọ́n á máa rojọ́ láti Ádámù. Ẹ ó gbé kálámù sílẹ̀. Ẹ ó fi ẹ̀yìn ìka nu imú yín. Ẹ ó wá béèrè pé, “Kí lẹ fẹ́ kí ẹni yẹn ṣe bó bá kà á tán?” Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tòótọ́ á jáde, kò sì ní ju mẹ́fà, méje lọ.

Mo bi ara mi. Ta ló ń dúró níwájú pátákó káfíńtà pẹ̀lú ojú tó wú? Kí ni mo fẹ́ kí ó ṣe?

Mo mọ ẹni náà. Èmi ni.

Bàbá, ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ni mo fẹ́ sọ yìí. Ní ọjọ́ kejì tí ẹ lọ, ẹ̀gbọ́n yín mú mi dání lọ ra pósí, nítorí pé wọn kò fẹ́ fi mí sílẹ̀ lémi nìkan. A dúró nínú oòrùn. Ẹni tó ń tà á ń yin irin ọwọ́ rẹ̀, ó ń yin aṣọ inú rẹ̀, ó ní irú rẹ̀ kò sí ní gbogbo ìlú. Ó wá béèrè pé báwo ni olóògbé ṣe ga tó. Ẹ̀gbọ́n yín ní ẹ kò ga jù, ẹ kò kúrú jù. Èmi ni mo máa ń lọ bá yín gba ṣòkòtò lọ́wọ́ télọ̀. Mo mọ ìwọ̀n yín lórí. Mo la ẹnu, àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀, mo sì pa á dé.

Pósí náà kúrú. Mo rí bí wọ́n ṣe ká orúnkún yín. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo wà níbẹ̀? Ṣé ẹ mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n tí mi ò sọ?

Bàbá Gbóyèga kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè wọ́n, àwọn fúnra wọn ló ń lọ sí ilé ọ̀fọ̀. Wọ́n á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ṣí fìlà, wọ́n á gba ìwọ̀n pẹ̀lú téèpù, wọ́n á sì padà wá kan èyí tó bá ẹni náà mu. Mo ti ń wò wọ́n láti ọjọ́ tí mo ti dé. Mo lọ bá wọn nídìí ìfági wọn, mo kúnlẹ̀, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò kọ ìyẹn sára pátákó.

“Kí ni kí n kọ síbẹ̀? Ta ni kò mọ̀?”

“Èmi ò mọ̀ kí n tó débí, sà. Ibi tí mo ti wá, wọn kì í wá gba ìwọ̀n.”

Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n wá na ọ̀dà sí mi. Búlúù ni, kì í ṣe pupa.

Èmi àti Màmá Gbóyèga la jọ jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Mo kọ “òkú”. Wọ́n ní, “Yọ ọ́.” Mo kọ “olóògbé”. Wọ́n ní, “Àgbà ni kó o kọ. A ò ní fi ọ̀dọ́ ṣe é.” Mo ṣe àmín. Mo gé “kò lẹ́gbẹ́” dànù, mo gé “ẹ wá”. Èyí tó kù nìyí:

KÁFÍŃTÀ. ILÉ TÍ ÀGBÀ BÁ TI SINMI, KÍ WỌ́N JÓKÒÓ TI ARA WỌN. KÍ WỌ́N RÁNṢẸ́. BÀBÁ YÓÒ WÁ GBA ÌWỌ̀N NÍLÉ. KÒ NÍ KÚRÚ.

Màmá Gbóyèga ní kí ni ti “kò ní kúrú”. Bàbá Gbóyèga ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi.

Ìyá Sàkíra ní kí ọmọ wọn ka tuntun náà fún àwọn lẹ́ẹ̀mejì. “Hẹn-ẹn. Èyí lójú àánú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i sápá ibẹ̀ yẹn díẹ̀, kó má kọjú sí kẹrosíìnì mi.” A yí i.

Kò sí ẹni tó wá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, ọlọ́kadà kan dé láti Olúpọ̀nnà. Àwọn ọmọ bàbá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sinmi ló rán an. Wọ́n ti gba iwájú pátákó wa kọjá nígbà tí ara bàbá wọn kò yá, wọ́n sì rántí. Nítorí ojú Bàbá Gbóyèga tí kò ríran dáadáa, wọ́n mú mi dání kí n máa bá wọn ka ohun tó wà lára téèpù. Ẹnu ọ̀nà yàrá ni mo dúró sí, wọ́n fi ìka di ojú ìwọ̀n mú, wọ́n sì gbé téèpù wá bá mi. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì méjì ni mo kọ sílẹ̀.

Bàbá Gbóyèga jáde lọ fọwọ́ sẹ́yìnkùlé. Àwọn ọmọ náà, àgbàlagbà ọkùnrin méjì, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀. Wọ́n ti kéde ìsìnkú fún ọjọ́ kejì, wọ́n sì ti gbọ́ pé pósí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú wọn ní kí wọ́n kúkú lọ gbé ìyẹn. “Ó máa gbà wọ́n. Ṣebí ó kù díẹ̀ ni.”

“Kò ní gbà wọ́n, sà.”

Èmi ni mo sọ ọ́, Bàbá mi. Gbogbo wọn yíjú.

“Ìwọ ta ni?”

“Èmi ni mo kọ ìwọ̀n yẹn sílẹ̀, sà. Wọ́n á ní láti ká orúnkún wọn.”

Ìyàwó olóògbé tó jókòó sórí ẹní lápá ògiri gbé orí sókè. “Ẹ gbọ́ tọmọ yìí. Orúnkún yẹn náà ló ń fi ìyà jẹ wọ́n láti ọdún mẹ́ta. Ẹ má fi dá wọn lóró mọ́.”

Wọ́n sún ìsìnkú síwájú ní ọjọ́ kan. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Bàbá Gbóyèga bẹ̀rẹ̀ sí í fági. Nígbà tí a ń padà bọ̀ lórí ọ̀kadà, tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìwó, wọ́n ti ní, “Akọ̀wé, o kú iṣẹ́.”

Láti ìgbà náà, wọ́n ti ránṣẹ́ láti Ilé-Ogbó, wọ́n sì ti ránṣẹ́ láti inú ṣọ́ọ̀ṣì wa náà. Kò pọ̀. Ọkọ̀ onígíláàsì ṣì ń fọn fèrè rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Gbóyèga gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé láti Ìbàdàn láti wá kó ẹrù. Mo ti di àpò mi sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá rẹ̀ kò bá a jiyàn. Wọ́n kàn mú un lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n to pákó tuntun tí wọ́n rà ní Ọjọ́bọ̀ sí. Gbóyèga fi ọwọ́ kan án. Pákó tútù ni, omi ṣì wà lára rẹ̀. Ọmọ káfíńtà ni, ó mọ̀ pé irú igi bẹ́ẹ̀ ń lo oṣù mẹ́fà kó tó gbẹ, àti pé ẹni tó fẹ́ kó lọ kì í rà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé iṣu díẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sì padà sí Ìbàdàn.

Bàbá Gbóyèga ní èmi ni kí n máa yí àwọn pákó náà ní gbogbo Sátidé kí wọ́n má baà tẹ̀, títí wọ́n á fi gbẹ. Ìdánwò mi á ti parí kí wọ́n tó gbẹ. Mo ti tú àpò mi. Mo yí gbogbo pákó náà láàárọ̀ yìí, ẹyọ kan lẹ́yìn èkejì, òórùn igi tútù ṣì wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí sí yín.

Ẹ sùn re, Bàbá mi. Ẹ foríjì mí.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.