Èsì Ìbéèrè Yín Nípa Òkun

Bàbá mi,

Ara mi le, ẹ má fòyà. Wọ́n ti gbé tábìlì mi sí yàrá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, èmi nìkan. Ó pa rọ́rọ́, ìyẹn sì dára fún iṣẹ́.

Ẹ ní kí n bá yín wò ó bóyá omi òkun yóò tún tutù, kí ẹja lè padà bó ṣe padà nígbà èwe yín. Mo ti wò ó. Inú kọ̀ǹpútà la ti fi ìṣirò ṣe àfarawé òkun kan tí kò sí èéfín mọ́tò tàbí ti ilé iṣẹ́ níbẹ̀, a sì jẹ́ kó lo ẹgbẹ̀rún ọdún. Á gbóná fúnra rẹ̀ fún ogún ọdún, á tún tutù. Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n kò gbóná tó ti ìsinsìnyí rí, kódà lẹ́ẹ̀kan.

Mo fi han ọ̀gá mi obìnrin. Ó ní, "Òkun gan-an máa ń yí padà ju ti inú ẹ̀rọ lọ. Ó ṣì lè tutù díẹ̀, ó kàn lè gba ogún ọdún."

Mo ní, "Ṣé kí n ní kí bàbá mi máa retí?"

"Ẹni ọdún mélòó ni wọ́n?"

"Mọ́kànléláàádọ́rin."

Ló bá kọjú sí fèrèsé.

Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ ní mò ń jẹun dáadáa. Ẹ kí gbẹ́nàgbẹ́nà tó fẹ́ bá yín kan ọkọ̀. Ẹ ní kó má tíì ra pákó ọkọ̀ ìpẹja tuntun yẹn.

Èmi ọmọ yín ni.