Ẹ̀rọ Mẹ́fà Tó Kọ̀ Láti Jí

                                        Búlọ́ọ̀kù 27, Fúláàtì 4,
                                        Jakande Estate, Ìlasàn,
                                        Lẹ́kkí, Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        19 Oṣù Kẹfà, 2019.

Modúpẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo gbọ́ pé òjò ò jẹ́ kí ẹ gbádùn ní Ìlọrin. Àwa náà wà níbí, ara le, a dúpẹ́. Má bínú pé mi ò gbé ìpè rẹ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ara mi ò lélẹ̀ rárá. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn, tí mo jí, tí mo jẹun yó, ni mo bá ní kí n jókòó ro gbogbo rẹ̀ fún ọ.

O mọ ilé iṣẹ́ kékeré tí mo wà ní Phase 1, tí a ti ń ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ àpótí tí wọ́n ń tẹ́ àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé sí. Bí àpótí bá fẹ́ tutù, ẹ̀rọ náà á pariwo kí nọ́ọ̀sì lè sáré wá. Kíláníìkì kan ní Lakowe ní kí a ṣe mẹ́fà fún àwọn. Tiwọn ti bàjẹ́, ọwọ́ ni Nọ́ọ̀sì Àdúràọlá àtàwọn tó kù fi ń yẹ àwọn ọmọ wò ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀gá wa, Ẹnjiníà Adétòkunbọ̀, sì ti ṣèlérí fún wọn pé Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún, la máa dé.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a tan àwọn ẹ̀rọ tuntun náà. Iná wọn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà! Ojú wọn dúdú kirimú, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní kánẹ́ẹ̀lì. Òun ló ń kọ́kọ́ jí, òun ló sì ń jí àwọn yòókù. Tiwa ń ṣubú lulẹ̀ kó tó lajú tán, kó tó mọ̀ pé òun ní ojú kankan tí òun lè fi sọ ohun tó ń ṣe òun.

Ibi tí mo ti ṣìwà hù rèé. Nínú ìpàdé, ọ̀gá béèrè ẹni tó fọwọ́ kan kánẹ́ẹ̀lì gbẹ̀yìn. Bọ̀ọ̀dá Quadri ni, tí wọ́n fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, tí wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mi ò tíì yẹ nǹkan kan wò tí mo fi là á mọ́lẹ̀ pé, "Ọ̀gá, ẹ̀rọ yìí ń ṣiṣẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá Quadri tó fọwọ́ kàn án."

Ọ̀gá bá ní, "Quadri, tí ẹ̀rọ yìí ò bá jí títí Ọjọ́ Ajé, kí o wá iṣẹ́ síbòmíràn."

Bọ̀ọ̀dá kàn tẹrí ba.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo yọ gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá kúrò nínú kánẹ́ẹ̀lì, mo tún tan ẹ̀rọ. Ó tún kú! Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ojú tì mí, mo dákẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Láàárọ̀ Sátidé, mo jó wáyà mẹ́ta tín-ín-rín mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mi, mo ní kí kánẹ́ẹ̀lì máa gba ibẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó bá ti ṣí ẹnu. Ó sọ̀rọ̀! Ìlà mọ́kànlá péré, ó dákẹ́. Ìlà tó kẹ́yìn ní òun ní gígábáìtì kan tí òun lè kó ẹrù sí. Mo fi awò wo nọ́ńbà tó wà lára ṣíìpù, ègé kékeré tí ẹ̀rọ ń kó ẹrù náà sí. Ìdajì gígábáìtì ni! Àwọn tó ń bá wa ṣe pátákó ẹ̀rọ ti pààrọ̀ ṣíìpù, wọn ò sọ fún wa. Kánẹ́ẹ̀lì wá dà bí ẹni tí wọ́n ní kó gbé ẹrù lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọn ò tíì kọ́.

Ta ló wá kọ̀wé tó sọ fún un pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà? Èmi ni, Modúpẹ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ nọ́ńbà yẹn síbẹ̀, nítorí pé mò ń kánjú. Mi ò jẹ́ kí ẹ̀rọ ka iye tó ní fúnra rẹ̀. Mo tún un ṣe, mo tan ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ ń ya wálẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà mi, ojú ẹ̀rọ sì mọ́lẹ̀ kedere. Mo ké "Alhamdulillahi!", omi sì bọ́ lójú mi.

Mi ò lè fi fóònù sọ ọ́. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé Bọ̀ọ̀dá Quadri ní Ajah. Mo kúnlẹ̀ fún wọn lójú ìyàwó wọn, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tí Bọ̀ọ̀dá kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé ó ti jí?" Mo ní ó ti jí. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Dìde, mo ti dárí jì ọ́. Àmọ́ Rùkáyàt, ìta gbangba lo ti sọ tàkọ́kọ́. Ṣé o lè sọ èyí náà níbẹ̀?"

Mo sọ ọ́, láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, lójú gbogbo ilé iṣẹ́. Ọ̀gá ò bá mi wí bí mo ṣe rò. Wọ́n dìde, wọ́n lọ bẹ Bọ̀ọ̀dá Quadri fúnra wọn. Lẹ́yìn náà la fi àtúnṣe náà sínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, a sì gbéra lọ sí Lakowe. Bọ̀ọ̀dá tan márùn-ún, wọ́n wá sún sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ìwọ ló kan." Nígbà tí ẹ̀kẹfà jí, Nọ́ọ̀sì Àdúràọlá wo gbogbo wọn yípo, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n sì bọ́ bàtà.

Bá mi kí Màmá àti bàbá àwọn ọmọ, kí o sì fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi. Ọkàn mi ti balẹ̀ wàyí; pè mí nígbàkígbà, màá gbé e.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Rùkáyàt Bùsàrí