Bí Lará Ṣe Kí Bààlúù Àgbà Kú Iṣẹ́

                                        Apartment 12,
                                        7418 Beechnut Street,
                                        Houston, Texas,
                                        Amẹ́ríkà.

                                        Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹwàá, 1984.

Àrẹ̀mú, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Fúnmi ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń gbọ́ràn? Màmá l'Ábẹ́òkúta ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú òjò, ẹ sì kú ìfaradà bí ìlú ṣe rí. Tiwa níbí, ọpẹ́ ni. Evelyn ń bá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Lará ti pé ọmọ ọdún méje, ó ń pààrọ̀ eyín lọ́wọ́, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Èmi náà wà bí o ṣe mọ̀ mí, àfi ikùn tó ń yọ sí i, tí Evelyn ní ó ti ń jọ ti bààlúù akẹ́rù.

Bọ́lá àbúrò rẹ ti padà dé láti ilé. Gàrí àti èlùbọ́ tí Fúnmi fi rán an tẹ̀ wá lọ́wọ́, gàrí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, torí Lará ń bù ú jẹ ní gbígbẹ nígbà tí mi ò bá wò ó. Ẹ ṣeun, ẹ kú ìnáwó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Bọ́lá gbé wá wúwo ju ẹrù rẹ̀ lọ. Ó jókòó sórí àga ní pálọ̀ wa, ó ní, "Bùrọ̀dá Dọ̀tun, Bùrọ̀dá mi ti change o. Wọn ò jáde mọ́."

Ó ṣàlàyé pé láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ bààlúù yín ti ní kí ìwọ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ fẹ̀yìn tì tipátipá, ẹ̀bá fèrèsé lo máa ń jókòó sí láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ó ní o ti ju ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ pé kí Fúnmi máa fi nu ilẹ̀. Ó tún ní kì í ṣe iṣẹ́ tó lọ gan-an ló dùn ọ́ jù. Ohun tó dùn ọ́ ni pé kò sẹ́ni tó ń kí ọ kú iṣẹ́ mọ́ lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń kí ọ káàbọ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́. Àwọn aládùúgbò ò mọ ohun tí wọn ó kí ọkùnrin tó kàn jókòó, ni wọ́n bá ń kọjá bí ẹni pé wọn ò rí ọ.

Ó dùn mí wọnú eegun, Àrẹ̀mú. Lẹ́yìn tí Bọ́lá lọ tán, mo jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé, mi ò lè wọlé. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ ìtùnú kankan tí kò ní dà bíi ti oníwàásù lẹ́nu mi. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ bààlúù ni n ó sọ fún ọ. Òun ni ìwọ àtèmi ti ń sọ láti kékeré, bá a tiẹ̀ ń jà lórí ẹ̀.

O rántí Vulcan, bààlúù ogun Gẹ̀ẹ́sì tó rí bí àdán ńlá tó na apá méjèèjì. Ìwé ìròyìn tí mo máa ń gbà láti Lọ́ńdọ̀nù sọ pé oṣù kẹta ọdún yìí ni wọ́n tú ẹgbẹ́ ológun tó ń lò ó kẹ́yìn ká. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣe mí láàánú. Ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n ti ń ṣètò bí wọn ó ṣe lé e lọ sílé pé ó ti dàgbà jù. Ogun erékùṣù wọn tó wà nísàlẹ̀ ayé bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sáré padà lọ bá arúgbó, ó gbéra, ó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ogun parí, wọ́n ní ó ṣeun, kó máa lọ. Wọ́n gbé àwọn kan sílé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn kan ń dúró lẹ́nu géètì bí ọlọ́dẹ, wọ́n sì ta ọ̀pọ̀ fún oníṣòwò irin tó gé wọn wẹ́wẹ́.

Ọ̀kan wà ní Louisiana níbí, mo sì ti wa mọ́tò lọ wò ó. Ó dúró sórí koríko, ẹyẹ ti kọ́lé sínú ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Mo fọwọ́ kan abẹ́ apá rẹ̀, ó gbóná nítorí oòrùn, ó dà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ ni. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ yẹn.

Evelyn máa ń bi mí léèrè pé kí ló kàn mí nínú bààlúù ogun òyìnbó tí mo fi ń káàánú rẹ̀ bí ẹni pé mọ̀lẹ́bí mi ni. Ó tọ́ kó béèrè. Mo mọ̀ pé ohun ìparun ni wọ́n ṣe é fún, mi ò sì fẹ́ràn bọ́ǹbù. Ohùn wọn ni mo fẹ́ràn, àti ọgbọ́n ọwọ́ àwọn tó tò wọ́n pọ̀. Lightning, bààlúù ogun wọn mìíràn tó ń gòkè tààrà bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà láti ọ̀run, ọdún díẹ̀ ló kù fún un. Shackleton arúgbó ṣì ń fi ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ṣọ́ òkun, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì, kò tíì gbà láti jókòó. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà wọn yẹn gan-an ló ń fà mí.

Ṣùgbọ́n Canberra, bààlúù wọn tó ń ju bọ́ǹbù, ni tèmi àtìrẹ. O ò lè gbàgbé ọjọ́ tí àwa àti Adéolú sá kúrò nílé ìwé, tá a lọ lẹ̀ mọ́ wáyà tó yí pápákọ̀ òfuurufú Ìkejà ká. A ò tíì rí nǹkan kan lójú ọ̀run nígbà tó o di ojú, tó o ní ẹ́ńjìnnì méjì ló ń bọ̀, pé kò ní abẹ̀bẹ̀, pé kì í sì í ṣe ti èrò. Mo ní irọ́ lò ń pa. Ìgbà tó yọ lókè igi, tó ń dán bí ṣíbí tuntun, èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo. Tíṣà nà wá lọ́jọ́ kejì, ìwọ lo sì jẹ ẹgba tó pọ̀ jù, torí pé ò ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ẹgba. Mo rò pé ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ mú ọ. Èmi lọ kàwé ẹ̀rọ tí ń fa epo, ìwọ lo di mẹkáníìkì, ọwọ́ tó ń mú bààlúù kúrò nílẹ̀.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo tìtorí ẹ̀ mú gègé. Canberra yẹn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú wa níbí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ra àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì láyé ọjọ́un, wọ́n kọ́ tiwọn, wọ́n fa apá rẹ̀ gùn, wọ́n kùn ún ní funfun. Ilé iṣẹ́ NASA ló ń lò ó láti pápákọ̀ Ellington. Wọ́n bí i láti ju bọ́ǹbù, ṣùgbọ́n ní báyìí ó ń gòkè rékọjá ibi tí bààlúù èrò ń dé, ó ń lọ bu afẹ́fẹ́ wálẹ̀ fún àwọn onímọ̀ láti yẹ̀ wò. Bí mo bá wà lórí freeway tí mo rí i tó ń ga lọ, mo máa ń dín eré kù, àwọn tó wà lẹ́yìn mi á sì fọn fèrè èébú sí mi.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, wọ́n ṣí Ellington sílẹ̀ fáwọn ará ìlú. Mo mú Evelyn àti Lará dání. Ó yẹ kí o mọ̀ pé ìkíni mẹ́rin péré ni Lará gbọ́ dáadáa ní Yorùbá: ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́, ẹ ṣé, àti ẹ kú iṣẹ́. Evelyn ló kọ́ ọ pé ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i. Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tí kì í kí. Ó ń kí onílẹ́tà, ó ń kí awakọ̀ tó ń gbé wọn lọ sílé ìwé, ó ń kí obìnrin tó ń nu ilẹ̀ mall, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n.

Bá a ṣe dé ẹsẹ̀ Canberra, mẹkáníìkì kan wà lórí àkàbà, ó ti ọwọ́ bọ inú ẹ́ńjìnnì. Lará fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sórí kọnkéré, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Lẹ́yìn náà ló wo bààlúù láti imú dé ìrù, ó tún kúnlẹ̀ fún un, ó kí i bákan náà. Àwọn èèyàn ń wò wá. Mẹkáníìkì béèrè ohun tó sọ, mo ṣàlàyé fún un, ó sì rọra gbá ikùn bààlúù, ó ní òun àti ọ̀gá òun yìí dúpẹ́.

Ìgbà yẹn ni mo kíyè sí bàbá Gẹ̀ẹ́sì kan tó jókòó sórí àga kíká lábẹ́ òjìji apá bààlúù náà, tòun ti fìlà lórí. Whitlock lorúkọ ẹ̀. Kò ṣe nǹkan kan, ó kàn jókòó. Lará tọ̀ ọ́ lọ, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Ojú tì mí díẹ̀. Mo fà á lápá, mo ní bàbá ò ṣiṣẹ́, wọ́n jókòó ni, kó sọ pé good afternoon. Ọmọ yìí wo mí bí ẹni tí kò mọ nǹkan. Ó ní, "But Daddy, wọ́n ti work tẹ́lẹ̀ now."

Bàbá béèrè ohun tí à ń sọ. Mo ní kó má bínú, pé ìkíni ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni ọmọ mi fi kí i, ó ṣì í kí ni. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ wa. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé òun ló ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì Vulcan ní Lincolnshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tóun wà níṣẹ́ ológun, pé òun fẹ̀yìn tì, ìyàwó òun kú, òun wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ òun obìnrin ní Rosenberg nítòsí ibí. Vulcan tóun mọ̀ jù, tóun mọ ibi tí ń dùn ún, inú ìwé ìròyìn lòun ti rí i pé wọ́n ti gé e fún irin. Ó ní ohùn Canberra ibí ti yàtọ̀, torí pé wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ṣùgbọ́n ará ilé òun ni, ìdí nìyẹn tóun fi ń wá jókòó tì í.

Ó wá bẹ Lará pé kó tún un sọ. Lará tún kúnlẹ̀, ó tún un sọ. Bàbá ṣí fìlà, ó ní kí lèèyàn fi ń dáhùn. Mo ní a máa ń sọ pé, "Òo." Ó ní, "Òo." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Evelyn, tó máa ń fi èmi àti bààlúù mi ṣe yẹ̀yẹ́, ló kọ́kọ́ yíjú sẹ́yìn, tó ń wá aṣọ ìnujú nínú báàgì.

Àrẹ̀mú, láti ọjọ́ náà, ìwọ ni mò ń rò. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó mú irinṣẹ́ lọ́wọ́ nìkan ni à ń kí kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún méje ló kọ́ mi. Àìmọye èèyàn ló ti gòkè láti Ìkejà tí wọ́n sì balẹ̀ láyọ̀ torí pé ìwọ ti fetí sí ẹ́ńjìnnì wọn kó tó gbéra. Kò sẹ́ni tó lè fi ìwé ìdádúró gba ìyẹn padà. Wọ́n lè gé Vulcan. Mo bẹ̀ ọ́, má gé ara rẹ.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o ṣe fún mi. Ní kí Fúnmi fọ ẹ̀wù iṣẹ́ yẹn, kó sá a, kó má fi nu ilẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tó bá wù ọ́, wọ̀ ọ́, kó o sì lọ sẹ́bàá wáyà wa àtijọ́. Di ojú rẹ. Fetí sílẹ̀, kó o wá kọ gbogbo ohun tó o bá gbọ́ ránṣẹ́ sí mi, torí ojú nìkan lèmi ní, mi ò ní etí bíi tìẹ. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, o sì lè bá àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń gbọ́. Bí o bá ń padà bọ̀, wàá gba iwájú àwọn aládùúgbò kọjá, eruku á wà lẹ́sẹ̀ rẹ. Ẹni tó bá jáde nìkan ló lè padà dé. Fúnmi á sì rí ẹni kí káàbọ̀.

Bá mi kí Fúnmi dáadáa, kí o sì bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Bá mi dọ̀bálẹ̀ fún Màmá. Bí o bá pàdé Adéolú tá a jọ jẹgba lọ́jọ́un, sọ fún un pé ìdí mi ṣì ń ta mí. Evelyn kí yín o, ó ní òun ń fi èlùbọ́ tó kù pamọ́ dọjọ́ tẹ́ ẹ máa wá kí wa.

                                        Èmi ni, tìrẹ láti ẹ̀bá wáyà Ìkejà títí dòní,
                                        Olúdọ̀tun.

Lará rí mi tí mò ń kọ̀wé, ó bi mí pé ta ni mò ń kọ ọ́ sí. Mo ní bàbá kan tó ti tọ́jú bààlúù púpọ̀ ni. Ó gba gègé lọ́wọ́ mi. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ èyí, mi ò bá a tún un ṣe:

E KU ISE SA