Àpótí Tí Kò Fẹ́ Ṣí fún Morádéyọ̀

Ẹ̀yìn Ọjà, Ìfọ̀,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Kẹfà, 2006.

Morádéyọ̀, Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà, mo sì kí ọ kú ìrìn tí o ń rìn láti OPIC dé Ìkẹjà lójoojúmọ́. Ọlọ́run tó ń gbé ọ jáde láàárọ̀ ni yóò máa gbé ọ wọlé, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ. Èmi náà wà, bí a bá pe èyí ní wíwà. Orúnkún ọ̀tún ti bá tòsì dọ́rẹ̀ẹ́, àwọn méjèèjì ló jọ ń dùn mí báyìí. Adìẹ funfun pamọ mẹ́fà, àwòdì gbé mẹ́rin, òjò sì ti rí ibi tí páànù ilé ìdáná ti lu. Ìròyìn ilé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó gbé mi jókòó ti bíró ni ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lánàá lórí fóònù Nàfísàt aládùúgbò wa, pé o kò ní lè wálé ní Sátidé nítorí pé àpótí lẹ́tà ilé iṣẹ́ yín kò ṣí fún ọ. Morádéyọ̀, Sátidé yìí ló pé ọdún kan tí a sin màmá rẹ. N kò bínú, ó ti rẹ̀ mí ju kí n bínú lọ. Mo kàn dá fóònù padà fún Nàfísàt, mo lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì iṣẹ́ mi, mo ń ro ó, nítorí bàbá rẹ kì í ṣe òpè nínú ọ̀rọ̀ àpótí, ogójì ọdún ni mo fi kàn án. Àpótí tí kò bá ṣí, ọ̀kan nínú mẹ́ta ni: yálà omi wọ igi rẹ̀ ó wú, tàbí kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ ẹni kọ́ ni tirẹ̀, tàbí ẹnìkan dì í mú láti inú.

Jẹ́ kí n tún un sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ pé mo fetí sílẹ̀. O ní àpótí kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí gbogbo ẹ̀yin ará ọ́fíìsì jọ ń lò, ibẹ̀ ni àwọn tó ra ẹ̀rọ omi lọ́wọ́ yín ń fi ìwé ẹ̀sùn wọn sí. Ọ̀gá rẹ ti fún ọ láṣẹ láti Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé kí o máa dá wọn lóhùn, àwọn yòókù ń rí àpótí náà, ìwọ kò rí i. Ìwé ti kún ibẹ̀, wọ́n ní ìwọ ni o kò ṣiṣẹ́. Bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè tí ìwé yẹn kò tán, àfi kí o wá ṣiṣẹ́ ní Sátidé, bí o bá kọ̀, kí o gbé báàgì rẹ máa lọ.

O ní Dáníẹ́lì tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà yín ní kí o ti ètò tí ẹ fi ń ka lẹ́tà náà, kí o tún un ṣí. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá mi náà, bí òjò bá ti wọ̀ ọ́ lára, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń tì í kí ó tó gbà. Kò ṣiṣẹ́. Ó ní kí o pa kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kí o tún un tàn. Kò ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ bi ọ́ níbí, nígbà tí o padà wọlé sí i, ṣé o kí wọn? Mo mọ̀ ọ́, bí inú bá ti ń bí ọ, o kì í kí ènìyàn. Ó tún ní kí o dúró di ọjọ́ kejì, pé àṣẹ náà ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Ìyẹn yà mí lẹ́nu, nítorí inú ilé kan náà ni ìwọ àti ọ̀gá rẹ wà, ibo ni àṣẹ wá gbà tó fi sun ọ̀nà? Bóyá ó gba Mowé ni, wọ́n ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ bá ń ṣe ìpàdé.

Lẹ́yìn náà Dáníẹ́lì yọ àpótí náà kúrò, ó tún un gbé síbẹ̀, o wá rí i lápá òsì, àmọ́ bí o ti fọwọ́ kàn án, àpótí ní òun kò mọ̀ ọ́. Lánàá àpótí gbà kí o ka ìwé, ṣùgbọ́n ó ní o kò gbọ́dọ̀ fi orúkọ òun dáhùn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe pé igi ló wú. Ìyàwó tuntun tí wọ́n ní kó máa wo ìkòkò ọbẹ̀ ṣùgbọ́n kó má bù ú, ohun tó fà á ni pé ìyálé ṣì jókòó ti ààrò.

Ṣé o rántí àpótí ìjọ wa ní ilé ìfìwéránṣẹ́? Orúkọ Bàbá Ògúnkànmí, akọ̀wé ìjọ, ló wà lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kú, pásítọ̀ fún mi láṣẹ níwájú gbogbo ìjọ pé èmi ni kí n máa lọ kó lẹ́tà. Mo débẹ̀, wọ́n ní àwọn kò mọ pásítọ̀, Ògúnkànmí ni àwọn mọ̀. Mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, mo wọ agbádá lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Màmá rẹ ló ní kí n yé fìyà jẹ bàtà, pé ara mi ni àṣẹ tí wọ́n fún mi wà, kò sí lára àpótí. Ó ní kí a mú opó wọn dání, kí wọ́n yọ orúkọ olóògbé, kí wọ́n sì kọ tèmi sí i. Ọjọ́ yẹn gan-an ló ṣí. Ọgbọ́n màmá rẹ nìyẹn, kì í ṣe tèmi.

Nítorí náà, má jẹ́ kí Dáníẹ́lì tún tì í kó tún ṣí i mọ́. Bi í pé orúkọ ta ló wà lára àpótí yẹn. Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé Afọlábí ló ń ṣe iṣẹ́ náà kó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù? Afọlábí ti lọ, orúkọ rẹ̀ ṣì jókòó síbẹ̀. Kí ẹni tó ni àpótí gan-an yọ ọ́, kó kọ tìrẹ, kó sì kọ ọ́ kedere pé o lè kà, o sì lè dáhùn.

Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá wọn yóò gbọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi rán ẹni tó mú ìwé yìí wá. Mùtàlíbù ni, ọmọ Ìwó tó háyà yàrá iwájú wa, òun ló ń gé kọ́kọ́rọ́ fún gbogbo àdúgbò, kò sí àgádágodo tó lè dójú tì í. Fáìlì rẹ̀, òróró àti kọ́kọ́rọ́ mọ́kànlélógójì wà nínú àpò rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí òun rí ihò kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà náà. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi òòlù kan nǹkan onínǹkan. Jọ̀wọ́, sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kí wọ́n má lé e, kí o sì wá nǹkan fún un jẹ. Owó ọkọ̀ àlọ nìkan ni mo rí fún un, ìwọ ni kí o san ti àbọ̀.

Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi owó páànù mẹ́ta rán an sí mi, àti ìpara gbígbóná tí mo fi ń pa orúnkún. Bí kò bá sí, kò sí náà ni, ó ti mọ́ mi lára.

Àǹtí rẹ ti gbé ìrẹsì dé láti Ọ̀fàdà. Aago mẹ́wàá ni ìjọ yóò wá gbàdúrà níbi sàréè. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń ro koríko ibẹ̀, bí ó bá rẹ̀ mí, mo jókòó tì í, mo sọ fún màmá rẹ pé o ń bọ̀. Láti ìgbà tí mo ti kan pósí rẹ̀, n kò kan àpótí kankan mọ́, ọwọ́ mi kọ̀ ọ́.

Bí àpótí yẹn bá ṣí, máa bọ̀. Bí kò bá ṣí, máa bọ̀. Bí wọ́n bá sì ní kí o gbé báàgì rẹ, ìhín ni kí o gbé e wá. Ohun gbogbo tó tì níwájú rẹ, Ọlọ́run yóò ṣí i, ọmọ tìrẹ náà yóò jókòó tì ọ́ lọ́jọ́ alẹ́.

Bí o bá dé tí o kò bá mi nílé, mo wà níbi sàréè. Kọ́kọ́rọ́ wà níbi tí màmá rẹ máa ń fi í sí, lábẹ́ ìkòkò omi. N kò gbé e kúrò níbẹ̀ láti ọdún kan yìí, kí o má baà dé kí o máa wá a. Nínú ilé yìí, kò sẹ́ni tí yóò bi ọ́ bóyá wọ́n fún ọ láṣẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
J. Ọmọlabí, Káfíńtà.